Ẹsẹ̀ Màmá, Ẹ Kú Ìdúró

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, Màmá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé ní àárọ̀ kùtù, kò sì sùn.

Ọlidé ni. Ilé ìwé tì. Ọ́fíìsì tì. Ṣùgbọ́n ilé ìfọṣọ ọsibítù kò tì, nítorí pé àìsàn kì í gba ọlidé.

Ibẹ̀ ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ń fọ̀. Aṣọ funfun, aṣọ funfun, aṣọ funfun, ó ga bí òkè.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti jí ní tirẹ̀. Ó ti fọ ẹnu. Ó ti wẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn o. Nítorí pé ọmọ náà tín-ín-rín bí igi ìṣáná ni wọ́n ṣe ń pè é ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé a ti ń lọ?"

"Jẹ́ kí n gbé àpò sílẹ̀ ná."

Màmá gbé àpò sílẹ̀. Gbì!

"Ṣé a ti ń lọ?"

"Jẹ́ kí n mu omi ná."

Màmá mu omi. Gbùkẹ̀, gbùkẹ̀, gbùkẹ̀.

"Ṣé a ti wá ń lọ báyìí?"

Màmá wo bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì wo Màmá.

Màmá mí kanlẹ̀. "Ó yá," ló wí. "A ti ń lọ."

Eré Kúbùsù ni wọ́n ń lọ sá.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ọlidé yìí, tọmọdé tàgbà máa ń sá eré láti ẹnu ọ̀nà ọsibítù títí dé pápá. Kì í ṣe eré ta ló gba ipò kìíní. Kò sí ife ẹ̀yẹ níbẹ̀.

Okùn pupa kan ló wà ní pápá. Ẹni tó bá kọjá okùn náà, kúbùsù kan á lọ sí yàrá àwọn ọmọdé ní ọsibítù. Ẹnì kan, kúbùsù kan. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló dá kúbùsù náà jọ.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ká okùn, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà, omi ni wọ́n á fún un, wọ́n á ní ó kú ìrìn.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ yàrá àwọn ọmọdé náà dáadáa. Nígbà òtútù tó kọjá, àyà ń dùn ún. Ó ń wúkọ́. Húkọ̀, húkọ̀, húkọ̀! Wọ́n dá a dúró síbẹ̀.

Kúbùsù kò kárí. Kúbùsù kan, ọmọ méjì. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni òun àti ọmọkùnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Róbótó jọ wà.

Bí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá fà á, ẹsẹ̀ Róbótó á yọ. Bí Róbótó bá fà á, ẹsẹ̀ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ á yọ.

Fà, ẹsẹ̀ yọ! Fà, ẹsẹ̀ yọ! Títí ilẹ̀ fi mọ́.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò gbàgbé òtútù yẹn. Bí òun bá tiẹ̀ gbàgbé, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbàgbé.

"Kúbùsù méjì la máa gbà lónìí," ló wí. "Tèmi kan, tiyín kan. Ọmọ kan, kúbùsù kan. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní yọ."

"Àṣẹ," ni Màmá wí. Ó sì yán. Háààààà.

Màmá kó ẹ̀wù eré àti ìbọ̀sẹ̀ jáde nínú àpò. Funfun báláú! Ó ti fọ̀ wọ́n. Ó ti lọ̀ wọ́n.

Ó gbé ẹ̀wù lé orí tábìlì. Ẹ̀wù náà dá dúró fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dì í mú.

Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ lé orí tábìlì. Ìbọ̀sẹ̀ náà dúró ṣánṣán bí ṣọ́jà.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ìka kàn án. Kó, kó, kó. Ó ń dún bí ilẹ̀kùn.

"Màmá, kí ló ṣe ìbọ̀sẹ̀ mi?"

Màmá wò ó. Ó nu ojú, ó tún wò ó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Mo ti fi sítáàṣì sí i!"

Ẹ má bá Màmá wí. Ní ilé ìfọṣọ ọsibítù, ohun tó bá ti funfun, inú ọpọ́n sítáàṣì ló ń lọ, kó lè le. Ẹ̀wù dókítà, sítáàṣì. Fìlà nọ́ọ̀sì, sítáàṣì. Ọwọ́ Màmá ti mọ iṣẹ́ náà débi pé kì í bi orí léèrè mọ́.

Kò sí ìbọ̀sẹ̀ mìíràn nílé. Wọ́n wọ èyí tó wà.

Wọ́n jáde síta. Kárakàra, kárakàra. Aṣọ ń dún bí wọ́n ti ń rìn.

Ìyá Aránṣọ tó ń gbé òdìkejì títì yọ orí lójú fèrèsé. "Màmá Pẹ́lẹ́ńgẹ́! Ṣé aṣọ lẹ wọ̀ ni àbí pátákó?"

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Aránṣọ. Sítáàṣì díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ kẹ̀! Ẹ ṣọ́ra o. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ ò ní tẹ̀. Ńṣe lẹ máa kán!"

"Ẹ̀yin náà, ẹ bọ́ síta, ká jọ sá a."

"Èmi kẹ̀? Orúnkún mi ti sá tirẹ̀ nígbà èwe. Ẹ bá mi kí wọn lọ́hùn-ún!"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín títí inú fi dùn ún. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Láàárín ẹ̀rín, ó tún yán. Háààààà.

Èrò kún ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ẹni tó ga. Ẹni tó kúrú. Ẹni tó pọn ọmọ.

Fííííín! Fèrè dún.

Gbogbo ẹsẹ̀ gbéra. Pàà, pàà, pàà, pàà!

Màmá àti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà gbéra. Pàà, kárakàra. Pàà, kárakàra.

Àwọn ọ̀dọ́ kọjá wọn. Fíà!

Ẹni tó pọn ọmọ kọjá wọn. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ juwọ́ sí wọn. Ó dàbọ̀!

Bàbá àgbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn kọjá wọn. Kò, kò, kò. "Ẹ rọra máa bọ̀ o," ni bàbá wí.

Títì dá wáí.

"Màmá, àwa la gbẹ̀yìn."

"Irọ́ ni!" Ohùn kan ló dáhùn lẹ́yìn wọn. "Èmi ni mo gbẹ̀yìn. Ẹ má gba iṣẹ́ mi mọ́ mi lọ́wọ́ o!"

Ọkùnrin kan ni. Ó gbé àpò ńlá kọ́ èjìká. Ó di ìgbálẹ̀ mú.

Ní ọjọ́ iṣẹ́, títì ló máa ń gbá. Ní ọjọ́ Eré Kúbùsù, òun ló máa ń tẹ̀ lé ẹni tó bá wà lẹ́yìn pátápátá, tí á máa ṣa ife táwọn tó ń sáré bá jù sílẹ̀. Bàbá Ẹ̀yìn ni gbogbo èèyàn ń pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ẹ̀yìn."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ó dára, la etí rẹ. Ẹ ti gbọ́ fèrè ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta ló kù. Fèrè kìíní, ẹ múra. Fèrè kejì, ẹ yára. Fèrè kẹta, wọ́n ń ká okùn."

"Ṣé a máa débẹ̀ kí wọ́n tó ká a?"

Bàbá Ẹ̀yìn họ orí. "Mi ò mọ̀. Èmi ò débẹ̀ kí wọ́n tó ká a rí. Iṣẹ́ mi kò gbà bẹ́ẹ̀."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo títì gígùn níwájú. Ó di ọwọ́ Màmá mú. "Màmá, ẹ jẹ́ ká yára."

Pàà, kárakàra. Pàà, kárakàra. Pàà… yéè!

"Kí ló dé?"

"Gìgísẹ̀ mi!"

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ líle ti ha gìgísẹ̀ ọmọ. Ó ti pọ́n. Ó ti fẹ́ bó.

"Ẹ̀bi mi ni," ni Màmá wí jẹ́jẹ́. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló ṣe é, orí mi ò sí níbẹ̀."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ṣé tiyín ò ha yín ni?"

Màmá fa ọrùn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tirẹ̀ náà le.

Bàbá Ẹ̀yìn sọ àpò kalẹ̀. "Kó bọ́ ọ, kó máa fi ẹsẹ̀ lásán lọ."

"Títì ti gbóná," ni Màmá wí. "Òkúta wẹ́wẹ́ sì ń bẹ níwájú."

Ìyá kan jókòó létí títì, ó gbé garawa omi síwájú. Òun ni Ìyá Olómi. Láti àárọ̀ ló ti ń bu omi fún àwọn tó ń sáré. Ìsàlẹ̀ garawa ti fẹ́ yọ.

"Ẹ wá mu o," ló wí. "Ife kọ̀ọ̀kan ló kù fún yín."

Ó bu ife kan fún Màmá. Ó bu ife kan fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Òùngbẹ ń gbẹ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gan-an. Ó gbé ife dé ẹnu. Ó dúró.

"Màmá, bí aṣọ bẹ́ẹ̀dì bá le bí pátákó, tẹ́ ẹ wá rì í sómi, báwo ló ṣe máa ń rí?"

"Omi á tú sítáàṣì rẹ̀. Á rọ̀."

Ṣààààà! Pẹ́lẹ́ńgẹ́ da omi sórí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Olómi pariwo. "Ọmọ yìí! Omi mímu ni mo bù fún ọ, o fi ń fọ ẹsẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà. Òùngbẹ ń gbẹ ìbọ̀sẹ̀ mi jù mí lọ."

Ìyá Olómi fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ni kò jẹ́.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fún ìbọ̀sẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pa á. Sítáàṣì ń yọ́. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ìbọ̀sẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Màmá náà da díẹ̀ nínú omi rẹ̀ sórí ìbọ̀sẹ̀ tirẹ̀, ó mu díẹ̀, ó sì fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ìyókù mu.

Wọ́n wọ bàtà. Kò ha wọ́n mọ́.

Ṣọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀. Ìró ẹsẹ̀ wọn nìyẹn báyìí.

"Ẹ dà bí ẹni tó jáde lódò," ni Bàbá Ẹ̀yìn wí. Ó ṣa ife méjèèjì. Kọ̀ì, kọ̀ì, sínú àpò.

Ọ̀nà gun òkè.

Ó ga. Ó gùn. Oòrùn dúró sórí rẹ̀, kò lọ síbì kan.

Ó rẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó rẹ ẹsẹ̀ òsì. Ó rẹ orúnkún. Ó rẹ ọrùn. Ó rẹ etí pàápàá.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sórí òkúta kan létí títì. Pọ́!

"Mi ò lè rìn mọ́."

Màmá kò bá a wí. "Sinmi díẹ̀," ló wí.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sún. Ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ òkúta. "Màmá, àyè wà. Ẹ jókòó."

"Rárá. Bí mo bá jókòó, oorun á gbé mi lọ."

Màmá dúró. Ó fi ọwọ́ ti ògiri kan tó wà létí títì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé èkejì sókè díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wò ó.

"Màmá, ẹsẹ̀ ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí."

"Ṣé nítorí òkè yìí ni?"

"Rárá. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe máa ń rí nìyẹn."

"Nígbà wo?"

"Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rò ó. "Ṣé kò sí àga níbẹ̀ ni?"

"Omi máa ń wà nílẹ̀ ilé ìfọṣọ. A kì í gbé àga síbẹ̀. Ìdúró la fi ń fọ̀ ọ́. Ìdúró la fi ń fún un. Ìdúró la fi ń lọ̀ ọ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó bá mu omi tán, ó wúwo jù ọ́ lọ."

"Láti ìrọ̀lẹ́?"

"Láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ń ro ó. Ó ń ta á. Ó ń gbóná. Àárọ̀ kan péré sì ni.

Ó wo ẹsẹ̀ Màmá.

Kò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ Màmá wú díẹ̀ lórí bàtà. Ojoojúmọ́ ló ń jáde. Ojoojúmọ́ ló ń padà wálé. Kò sẹ́ni tó ń kí i.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta. Ó kúnlẹ̀ sí iwájú bàtà Màmá.

"Kí lo ń wá nílẹ̀?"

"Mi ò wá nǹkan kan. Ẹsẹ̀ yín ni mo fẹ́ kí."

"Ẹsẹ̀ mi? Ẹsẹ̀ mi ṣe kí ni?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ọwọ́ lé bàtà ọ̀tún. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó gbé ọwọ́ lé bàtà òsì. "Ẹsẹ̀ òsì Màmá, ẹ kú ìdúró."

Ó gbé ọwọ́ lé méjèèjì pọ̀. "Ẹ ṣé tí ẹ ń padà wálé."

Màmá yí ojú sí ògiri díẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Bàbá Ẹ̀yìn náà dúró. Kò gbálẹ̀. Kò ṣa ife.

"Ẹsẹ̀ dá a lóhùn ni?" ló bi Màmá.

"Wọ́n ní kò tọ́pẹ́," ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ ju ìbọ̀sẹ̀ lọ.

Fííííín!

Fèrè kìíní.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde fìrì. "Ẹ múra!"

Wọ́n gun òkè. Ṣọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀. Wọ́n gun òkè. Ṣọ̀rọ̀, ṣọ̀rọ̀.

"Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," ni Bàbá Ẹ̀yìn ń wí lẹ́yìn wọn. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀…"

"Bàbá Ẹ̀yìn, ta ni ẹlẹ́dẹ̀ nínú wa?" ni Màmá béèrè.

"Háà, ẹ má bínú, ìyá! Èmi ni. Èmi náà ni!"

Wọ́n dé orí òkè. Pápá rèé nísàlẹ̀! Okùn pupa rèé! Ó kéré bí òwú láti òkèèrè.

Fííííín! Fííííín!

Fèrè kejì.

"Ẹ yára!"

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣọ̀rọ̀-ṣọ̀rọ̀-ṣọ̀rọ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà níwájú. Ó ń sún mọ́ okùn. Ó bojú wẹ̀yìn.

Màmá ti dúró. Ó fi ọwọ́ lé orúnkún. Ojú rẹ̀ ń pa dé. Ó ń là á. Ó ń pa dé.

"Máa lọ!" ni Màmá ké. "Máa lọ, ọmọ mi! Sáré! Kúbùsù kan ti tó!"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo okùn. Kò jìnnà mọ́. Ọkùnrin tó ní fèrè ti gbé fèrè sọ́wọ́.

Bó bá sáré, ó dé ibẹ̀. Kúbùsù kan dájú.

Kúbùsù kan, ọmọ méjì. Fà, ẹsẹ̀ yọ! Fà, ẹsẹ̀ yọ!

"Kò tó!" ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ké. Ó sáré padà gun òkè. Ṣọ̀rọ̀-ṣọ̀rọ̀-ṣọ̀rọ̀!

Ó lọ sẹ́yìn Màmá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀wù Màmá ti rọ̀, òógùn ti tú sítáàṣì rẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bíi gọ́ọ̀mù.

Tì! Tì! Tì!

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣé mo di ọmọlanke ni?"

"Ẹ má sọ̀rọ̀, Màmá! Ẹ máa yí lọ!"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà lé oorun sẹ́yìn díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbéra. Ẹsẹ̀ òsì gbéra.

Tì! Ṣọ̀rọ̀. Tì! Ṣọ̀rọ̀. Tì! Ṣọ̀rọ̀.

Ọkùnrin tó ní fèrè wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó fi fèrè sẹ́nu.

Àwọn èèyàn ní pápá rí wọn. Ẹnì kan ké, "Ọmọ kan mà ń ti ìyá ẹ̀ bọ̀!" Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. "Tì wọ́n! Tì wọ́n! Tì wọ́n!"

Ọkùnrin náà fa èémí sínú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí bọ́ọ̀lù.

Màmá kọjá okùn. Pọ́!

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọjá okùn. Pọ́!

Bàbá Ẹ̀yìn náà kọjá okùn, tòun ti àpò, tòun ti ìgbálẹ̀. Pọ́!

Fííííín! Fííííín! Fííííín!

Wọ́n ká okùn.

Bàbá Ẹ̀yìn wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo okùn lọ́wọ́ àwọn tó ń ká a. "Kí lèyí? Mo ti dé!" ló wí. "Wọn ò tíì ká a, mo sì ti dé! Ta ló rán mi níṣẹ́ kíákíá?"

"Kúbùsù mẹ́ta," ni nọ́ọ̀sì tó dúró ti kẹ̀kẹ́ ẹrù wí. Ó mú wọn níkọ̀ọ̀kan, ó sì tò wọ́n jọ. "Tìyá. Tọmọ. Ti Bàbá Ẹ̀yìn."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan àwọn kúbùsù náà. Ó múlọ́múlọ́. Ó móoru.

"Ẹ bá mi bo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà dáadáa, mà," ló sọ fún nọ́ọ̀sì.

"Màá bò ó," ni nọ́ọ̀sì wí. "Títí dé ìsàlẹ̀."

Kẹ̀kẹ́ ẹrù yí padà sí ọ̀nà ọsibítù. Gírígírí, gírígírí. Ó lọ.

Ìgbà yẹn ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó rí ohun tó wà ní òdìkejì pápá.

Ilé aláfẹ́fẹ́ ni! Ilé rọ́bà gìrìwò, pupa àti yẹ́lò. Àwọn ọmọdé ń fò nínú rẹ̀. Gbọ̀ì! Gbọ̀ì! Gbọ̀ì! Wọ́n ń lọ sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò fò nínú irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kan kì í pẹ́ lára ọmọdé tó bá rí ibi tí wọ́n ti ń fò.

"Màmá, ẹ wò ó!"

"Mo rí i. Jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ ná."

Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi. Màmá jókòó. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó tì í. Màmá bọ́ bàtà.

"Màmá, ṣé kí n lọ fò?"

Màmá kò dáhùn.

"Màmá?"

Orí Màmá rọra ń tẹ̀. Ó ń tẹ̀. Ó ń tẹ̀. Ó bà lé èjìká Pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Fíìn… fúù. Fíìn… fúù.

Màmá ti sùn.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ilé aláfẹ́fẹ́. Gbọ̀ì! Gbọ̀ì!

Ó wo ẹsẹ̀ Màmá lórí koríko. Méjèèjì sùn sílẹ̀. Wọn ò dúró ti ohunkóhun.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò dìde.

Àwọn ọmọ méjì sáré wá. Òógùn bò wọ́n, ojú wọn ń dán.

"Ìwọ! Ìwọ tó ti ìyá ẹ! Wá fò!"

"Ṣṣṣ," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

"Wọ́n máa tó tú u o!"

"Ṣṣṣ. Màmá mi ń sùn."

"Gbé orí wọn lé bẹ́ǹṣì, kó o máa bọ̀!"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi orí. "Bẹ́ǹṣì le."

Àwọn ọmọ náà wo Màmá. Wọ́n wo èjìká tín-ín-rín tó gbé e ró. Wọ́n yọ́ ẹsẹ̀ lọ.

Bàbá Ẹ̀yìn ń gbálẹ̀ bọ̀. Ṣà, ṣà, ṣà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ìka sẹ́nu. Bàbá Ẹ̀yìn gbé ìgbálẹ̀ sókè. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá, ó gba ibòmíràn.

Ẹyẹ kan ń ké lórí igi. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ojú bá a wí. Ẹyẹ náà dákẹ́.

Èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò yẹ̀ é.

Fíìn… fúù. Fíìn… fúù.

Òjìji igi ti ibì kan lọ sí ibòmíràn.

Fùùùùùùùù!

Wọ́n tú afẹ́fẹ́ inú ilé náà. Ògiri rẹ̀ tẹ̀. Òrùlé rẹ̀ wó. Wọ́n ká a bí ẹní, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì lọ.

Màmá la ojú. "Hẹ̀n? Ṣé mo sùn ni?"

"Díẹ̀, Màmá."

Màmá na apá. Ó na ẹsẹ̀. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Ó wo pápá, ó rí i pé èrò ti túká. Ó rí ibi tí ilé aláfẹ́fẹ́ wà tẹ́lẹ̀. Koríko ibẹ̀ ti tẹ̀ lulẹ̀.

"Ṣé o ti fò?"

"Rárá."

Màmá wo ọmọ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra èjìká rẹ̀, ó rọra ń rà á, rọra, rọra.

"Èjìká ọmọ mi," ló wí, "ẹ kú ìgbéró."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní kò tọ́pẹ́."

Màmá wọ bàtà. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n rọra ń lọ sílé. Kò sẹ́ni tó ń sáré mọ́.

Wọ́n ti gbé ilé aláfẹ́fẹ́ náà lọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò fò nínú rẹ̀ rárá.